Oyin Tí Mo Yọ fún Àwẹ̀ró, àti Ìlú Tí Wọn Kì Í Dáná

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Mo ní ta ló ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì yẹn? Làmídì bíríkìlà, ìwọ ni. O rí arúgbó ọdẹ tó gbé ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lé itan, ẹ̀rín ń pa ọ́. Ìwọ yìí kan náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ létí gbogbo wa pé o ti da oògùn àtọ̀gbẹ rẹ nù láti ọjọ́ Àìkú, pé oúnjẹ tútù nìkan ni wàá máa jẹ báyìí, pé ohunkóhun tí kò bá ti rí iná kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn tó kù sì ń mi orí bí alángbá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rùú lòní, nọ́ọ̀sì kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín níka, ìlà sì gùn dé ìdí igi máńgòrò. Ẹ sún mọ́ra, kí ẹ fi fóònù yín sápò. Mi ò ní kí ẹ bá mi gberin, mi ò sì ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí inú bí yín bó ṣe ń bí mi.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́yọyin. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi tó ń gbọ̀n yìí. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá húkọ́ nínú igbó, ìgalà á ti máa wá ibi tí yóò kú sí. Ẹfọ̀n mẹ́ta ni mo pa láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tún délé bá oúnjẹ tó gbóná. Oyin tó bá sì wà nínú ihò igi, ìbáà ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Àwẹ̀ró ni ìyàwó mi. Òun ló ni bàtà yìí, ó sì wà nínú yàrá yẹn lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́lọ́wọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ó mu omi ìkòkò, ó mu omi agbè, ó mu èyí tí mo bù sílẹ̀ fún ajá mi. Bó bá ti mu ún tán, ẹ̀yìnkùlé yá. Ó ń rù, aṣọ ń yọ̀ bọ́ nídìí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí èèrà níbi tó tọ̀ sí, wọ́n ṣù bí ẹni pé ẹnì kan da àkàrà síbẹ̀. Èmi tí mo mọ ìtọ̀ akọ ẹran yàtọ̀ sí ti abo, tí mo mọ ti èyí tó lóyún, mo mọ̀ pé ìtọ̀ tí èèrà bá ń wá kì í ṣe ìtọ̀ àlàáfíà. Mo mú un wá síbí.

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí, òun náà ló wà nínú yàrá yẹn lónìí, gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Màmá, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ wá ń tọ̀ ọ́ dànù.” Ó fún un ní oògùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ó ní kó dín iyán àti ẹ̀bà kù, kó jìnnà sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó sì máa jẹ ẹ̀fọ́ tútù dáadáa.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o: ẹ̀fọ́ tútù. Ohun tó ní lọ́kàn ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko, tí kò tíì rọ. Ṣùgbọ́n tútù inú èdè wa, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Omi tútù, kò gbóná ni. Igi tútù, kò tíì gbẹ ni. Ẹran tútù, wọn ò tíì sè é ni. Ara èèyàn náà lè tutù kó jẹ́ pé àlàáfíà ló ní, ó sì lè tutù kó jẹ́ pé ó ti kú. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ejò gbà wọ ilé mi.

Ejò náà dé ní ọjọ́ kẹta lórí alùpùpù, ó so gbohùngbohùn mọ́ iwájú rẹ̀. Aṣọ funfun, irùngbọ̀n funfun, eyín funfun. Ọba Aláìdáná ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun ní ìlú kan nínú igbó keje, pé kò sí ààrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìṣáná, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ àtọ̀gbẹ. Ó ń pariwo láàárín ọjà, “Iná ni àrùn! Ewúrẹ́ a máa se oúnjẹ bí? Ṣé ẹ ti rí ewúrẹ́ tó ní àtọ̀gbẹ rí? Ohun tí kò bá rí iná, kò lè jó yín! Nọ́ọ̀sì yín gan-an ti sọ ọ́, tútù, tútù, tútù!” Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ ẹ̀yin náà.

Àwẹ̀ró da omi pa ààrò. Ó ju oògùn sí ṣáláńgá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ láìsè, tòmátì láìsè, ìgbá láìsè, títí dé ibẹ̀ kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í dúró pẹ́ nínú. Ó kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, ìyà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kan ìrèké. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí gàrí. Háà! Ó ń fi omi tútù mu gàrí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ó ní oúnjẹ tútù ni! Gàrí tí wọ́n yan nínú agbada, tí ìyá tó ń yan án ń làágùn bí ẹni tó ń sáré, nítorí pé omi tí wọ́n bù sí i kò gbóná, ó wá di ohun tí kò rí iná. Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Làmídì, kí lo mu láàárọ̀ yìí kí o tó wá? Ẹ rí i, ó ti wolẹ̀.

Èmi náà ò fọwọ́ lẹ́rán. Mo wọ igbó, mo yọ oyin kèrègbè kan fún un, ojúlówó, kí ó lè máa rí nǹkan fi sẹ́nu. Oyin kò kúkú rí iná, àbí? A ó dé bẹ̀.

Ìṣó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Ó wọ inú bàtà lọ bá ẹran ara, Àwẹ̀ró sì rìn láti etí kànga dé ilé láì mọ̀. Èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ yẹn débi pé kò mọ ìrora mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó ti dúdú, ó ti ń rùn. Mo ní ká lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ní Aláìdáná ni yóò tu òun lára. Ní ọjọ́ tí mo ti oko dé, mo bá ibùsùn ní òfìfo. Ó ti gun ẹ̀yìn alùpùpù ọkùnrin náà lọ, òun pẹ̀lú kèrègbè oyin rẹ̀.

Mo sáré wá síbí. Mo ṣàpèjúwe ẹsẹ̀ náà fún Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí. Ọjọ́rùú ni, bíi tòní. Ó kàn jókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ yẹn ń kú lọ. Bí ẹ bá gbé wọn dé kí Ọjọ́rùú tó ń bọ̀ tó ṣú, ọmọ ìka méjì la máa pàdánù. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ni. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé wọn wá síbí mọ́, ilé ni kí ẹ gbé wọn lọ.”

Mo gbé ìbọn mi. Igbó mẹ́fà ni mo kọjá, mi ò sì ní sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, nítorí kò sí èyí tó bí mi nínú níbẹ̀. Igbó keje ni ọ̀rọ̀ wà.

Iwin kan dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà níbẹ̀. Òǹgbẹ-Àìtán lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kànga, ara rẹ̀ gbẹ bíi pańla. Ó kẹ́nu bọ odò kan, ó ń fà á mu, odò náà sì ń gba ìdí rẹ̀ jáde bó ṣe wọlé, kò dín, kò kù. Èèrà tẹ̀ lé omi náà títí lọ dé ibi tí ojú mi kò tó. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Ọdẹ, òǹgbẹ ń gbẹ mí. Àlọ́ o!”

Mi ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tí iwin bá dí lọ́nà, ìwọ̀nba ni ẹnu rẹ̀ ń gùn mọ. Mo ní, “Àlọ̀!”

Ó ní, “Ilé kan ń jó, kò ní èéfín. Onílé jókòó sínú rẹ̀, ó ń lá ètè. Kí ni o?”

Mo ní, “Ata! Ẹni tó jẹ ata tútù ni.”

Ó ní, “Irọ́. Ẹni tó bá jẹ ata á pariwo.”

Mo ní, “Owú jíjẹ.”

Ó ní, “Irọ́. Owú a máa rú èéfín, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀.”

Inú bí mi, mo yìnbọn fún un. Ó gbé ọta náà mì, ó ní ó gbẹ díẹ̀, kí n bu omi lé e. Ẹ ò rí ìyà! Èmi Ọdẹ́yọyin, tí ẹkùn ń kí ní “ẹ kú iṣẹ́”! Ó ní, “Máa lọ. Nígbà tí o bá ń bọ̀, ìbéèrè méjì ni màá bi ọ́. Bí o kò bá dáhùn, o ò ní kọjá.” Mo fi ẹsẹ̀ gbá èèrà rẹ̀ dànù, mo kọjá.

Ẹnubodè ìlú Aláìdáná nìyẹn. Àwọn oníbodè ń gbóòórùn mi bí ajá. Wọ́n gba ìbọn mi, wọ́n gba ìṣáná mi, wọ́n gba ìkòkò tábà mi, wọ́n ní kí n fi omi yọnu ẹ̀ẹ̀meje nítorí iṣu sísun tí mo jẹ láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ iṣu láìsè, ó ti yún un lẹ́nu débi pé ètè rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù. Ó ní, “Ẹ kú àìdáná o.” Wọ́n ní kí n dáhùn pé, “Àìdáná á gbè wá.” Mo dáhùn. Ohun tí mo ń wá ló jẹ́ kí n dáhùn.

Ẹ wá gbọ́ òfin ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé sè. Kò gbọdọ̀ sọ pé dín. Kò gbọdọ̀ sọ pé yan. Kò gbọdọ̀ sọ pé sun, torí sun ni wọ́n ń sun iṣu. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún, torí sun wà nínú rẹ̀. Ẹ dákẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ọmọ ìka rẹ̀ mẹ́rin ti já. Ó fi etí aṣọ di ẹnu ara rẹ̀ kí ẹkún má baà jáde. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì ń kí i kú oríire, wọ́n ní iná àtijọ́ ló ń jáde lára rẹ̀. Ọlọ́run ló gbà wọ́n lọ́wọ́ mi pé ìbọn mi ti wà lẹ́nubodè.

Mo dé ibi tí àwọn ìjòyè wọn jókòó sí, wọ́n ń mu gàrí. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ta ló yan gàrí yìí?” Ariwo ta! Mo ti sọ yan. Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún gbólóhùn yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì tún bi wọ́n láti orí ilẹ̀ pé níbo ni gàrí ti wá. Àgbà kan ní, “Inú àpò ló ti wá.” Ẹ gbọ́ ìdáhùn àgbàlagbà! Inú àpò!

Ọdẹ kì í bi ẹran pé níbo lo gbà. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìlú tí kò mọ àtọ̀gbẹ yìí, èèrà ṣù. Ilé olórí àwọn ìjòyè, èèrà. Ilé oníbodè, èèrà. Ilé ìyá yẹn, èèrà bí aṣọ dúdú. Mo wá dé ẹ̀yìn ààfin. Ilẹ̀ tutù níbẹ̀, òórùn ìtọ̀ wà níbẹ̀, ẹyọ èèrà kan ṣoṣo kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Ẹnì kan wà nínú ìlú yìí tí ṣúgà rẹ̀ wà ní ìwọ̀n. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọgbà.

Aláìdáná jókòó síbẹ̀. Ẹ̀wà sísè wà níwájú rẹ̀, ìkòkò náà ṣì ń rú, ó ń fi ẹja yíyan jẹ ẹ́. Lórí fèrèsé, oògùn. Mo mọ páálí rẹ̀, irú èyí tí Àwẹ̀ró jù sí ṣáláńgá ni, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ó sì ti lò ó kọjá ìdajì.

Ojú kò tì í. Ó ní, “Ọdẹ, wá jẹun.”

Mo ní, “Ìwọ náà ní àtọ̀gbẹ.”

Ó ní, “Láti ogún ọdún. Mi ò pàdánù ọmọ ìka kan.” Ó nu ẹnu. “Kí lo ń bínú sí? Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé oògùn mì títí ọjọ́ ayé, kí wọ́n máa wọn oúnjẹ, kí wọ́n máa gún ìka, ta ni yóò tẹ̀ lé mi? Mo fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn. Ohun tó bá dùn létí ni èèyàn ń tẹ̀ lé.”

Mo ju ẹ̀ṣẹ́ sí i, ó yẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ba ògiri. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mo wá gbé ìkòkò ẹ̀wà náà lé orí bó ṣe gbóná tó, mo mú páálí oògùn náà dání, mo gbé wọn jáde sí àárín ọjà, èéfín rẹ̀ ń lọ sókè. Mo pariwo pé, “Oúnjẹ ọba yín rèé o! Oògùn ọba yín rèé o!” Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkò. Àwọn mìíràn wo èéfín náà, wọ́n ní ìrì ni. Ìrì! Lọ́sàn-án gangan! Mo ti rí ẹranko tó ń wọ pàkúté, mi ò tíì rí èyí tó ń gbé pàkúté náà fi ẹnu kò ó lẹ́nu rí, àfi níbẹ̀.

Ìdí igi ọsàn kan ni mo ti bá Àwẹ̀ró. Wọ́n fi ewé di ẹsẹ̀ rẹ̀, kòkòrò ń kùn lé e lórí. Ó ń fi ìka lá oyin nínú kèrègbè. Kèrègbè mi. Ó gbé ojú sókè, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí, ó ní, “Bàbá Ọlápéjú, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń pariwo. Bí ọkùnrin yẹn bá purọ́, oyin kì í purọ́. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ fún mi. Kò rí iná, kò lè jó mi.”

Àlọ́ iwin yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Ilé ń jó, kò ní èéfín, onílé jókòó sínú rẹ̀, ó ń lá ètè.

Mo ní, “Àwẹ̀ró, iná ni mo fi yọ ọ́.”

Ó ní, “Kí lẹ wí?”

Mo ní, “Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni mo tanná sí. Èéfín ni mo fi lé àwọn oyin kúrò nínú ihò igi. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ oyin ni? Kò sí oyin kan tí mo yọ láyé mi tí kò rí iná. Ká tilẹ̀ ní kò rí i, ṣúgà ṣúgà ni.”

Ó gbé kèrègbè náà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jà.”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ dákẹ́.”

“Mo dákẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé oyin yẹn délé, o kí mi kú iṣẹ́ bí o kò ṣe kí mi láti ogún ọdún. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ó sunkún tí gbogbo ìlú fi gbọ́. Wọ́n dé pẹ̀lú igi, wọ́n ní a ti sọ ọ̀rọ̀ iná, wọ́n tì wá jáde lẹ́nubodè, wọn ò dá ìbọn mi padà. Mo gbé ìyàwó mi pọ̀n bí ọmọ. Ó ti fúyẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló wúwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí òòrùn tó wọ̀, mo ti dé ọ̀dọ̀ Òǹgbẹ-Àìtán. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa. Ká ní mo kọjá lọ́jọ́ yẹn ni, à bá ti wà níbí láàárọ̀ Ọjọ́rùú. Ọmọ ìka méjì péré ni.

Ó ní, “Ilé wo ló ń jó?”

Mo ní, “Ara èèyàn tó ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ló ń jó o, kò sẹ́ni tó ń rí èéfín rẹ̀.”

Ó ní, “O gbà á. Ìkejì: ta ló kiná bọ ilé náà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Aláìdáná ni.” Ó mi orí, ó ní irọ́. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì tó sọ pé tútù.” Ó mi orí. Mo ní, ẹ má bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, mo ní, “Òun tó wà lẹ́yìn mi yìí ni. Òun ló da oògùn rẹ̀ nù.” Mo sọ ọ́ nígbà tí mo pọ̀n ọ́n. Èémí rẹ̀ ń kàn mí lọ́rùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Iwin náà mi orí.

Mo mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo mọ̀ ọ́n. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n èmi Ọdẹ́yọyin, tí ìgalà ń sá fún ikọ́ mi, èmi ni kí n sọ ọ́ níwájú iwin tó ń tọ̀ sára? Mo jókòó. Mo bá a jiyàn. Mo bú u, mo bú bàbá rẹ̀. Òòrùn wọ̀, òòrùn yọ. Ọjọ́rùú mọ́ bá mi níbẹ̀, mo ń jiyàn. Ọjọ́rùú kan ọ̀sán, ó kan ìrọ̀lẹ́, mo ń jiyàn. Mo ka orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀, títí kan ẹni tó ta ìṣó fún káfíńtà. Gbogbo ìgbà yẹn ni iwin náà ń mu odò, tó ń sọ pé, “Ta ló mọ̀ pé oyin rí iná?”

Ìgbà tí òòrùn Ọjọ́rùú wọ̀ ni Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, “Bàbá Ọlápéjú, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kù o. Ẹ̀mí mi ni. Ẹ dá a lóhùn.”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ọ̀rọ̀ kan. Iwin náà gbé ẹnu kúrò nínú omi, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Máa lọ.” Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí, Ọjọ́bọ̀ ti mọ́.

Ibi orúnkún ni dókítà gé e dé.

Ṣebí ẹ ń rẹ́rìn-ín bàtà kan tẹ́lẹ̀? Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìyí. Gbogbo Ọjọ́rùú ni nọ́ọ̀sì ń yẹ ẹsẹ̀ tó kù wò, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, èmi a sì máa di bàtà rẹ̀ mú níta. Mi ò bá ẹ̀fọ́ tútù jà o. Àwẹ̀ró ń jẹ ẹ́ títí dòní, ó ń jẹ ìgbá àti kùkúńbà láìsè, lẹ́yìn tó bá ti lo oògùn rẹ̀ tó sì ti jẹ ìwọ̀nba ohun tí mo sè fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mò ń sè é. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó dìde kí n rí i. Àwọn tó mọ̀ tí wọ́n dákẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn, àwọn ni mò ń bá jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí fún Làmídì láàárọ̀ yìí, tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ yàgò fún un. Àwẹ̀ró, rọra, ọ̀pá òsì yẹn ń yọ̀. Jókòó síbí, gbé ẹsẹ̀ wá kí n wọ bàtà fún ọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ń bi mí? Ó ní ṣé mo ti sọ fún yín ibi tí mo ti jókòó fún odidi ọjọ́ kan. Mo ti sọ fún wọn. Ó ní ṣé mo sọ ẹni tí mo dá lẹ́bi nígbà tó wà lẹ́yìn mi. Mo sọ ìyẹn náà, Àwẹ̀ró. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Làmídì, nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ rẹ. Dìde. Yóò bi ọ́ bóyá o ń lo oògùn rẹ. Ọ̀rọ̀ kan ni ìdáhùn rẹ̀, má jẹ́ kó gbà ọ́ ní odidi ọjọ́.